Ìgbésí Ayé Florence Nightingale, Nọ́ọ̀sì Tí Ó Fi Ìṣirò Gba Ẹ̀mí Là

Irú àròkọ: Àròkọ oníròyìn (ìtàn ìgbésí ayé ẹni).

Ìbéèrè: Kọ ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn olókìkí kan tí ó ti kú, kí o sì sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wa.

Ìlapa èrò

(a) Ìfáàrà: ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ àti ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀.
(b) Ìbí rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tí ó kọ́.
(d) Bí ó ṣe di nọ́ọ̀sì lójú àtakò àwọn ẹbí rẹ̀.
(e) Iṣẹ́ rẹ̀ ní Scutari nígbà ogun Crimea.
(ẹ) Bí ó ṣe fi iye àwọn òkú wá ìdí ikú.
(f) Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọsibítù, ilé ìgbẹ̀bí àti ilẹ̀ Íńdíà.
(g) Ibi tí ìṣirò ti mú àríyànjiyàn wá.
(gb) Ọjọ́ ogbó rẹ̀, ikú rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́.

Àròkọ

Bí a bá dárúkọ Florence Nightingale, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni obìnrin kan tí ó gbé fìtílà lọ́wọ́, tí ó ń ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn ní ọ̀gànjọ́ òru. Òótọ́ ni pé ó gbé fìtílà, òótọ́ sì ni pé ó tọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n fìtílà nìkan kọ́ ni ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà títí di òní. Gègé àti ìwé wà lára àwọn ohun èlò rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Obìnrin yìí a máa ka iye àwọn tí ó wọ ọsibítù, a máa ka iye àwọn tí ó jáde láàyè àti iye àwọn tí wọ́n gbé jáde ní òkú. A sì máa fi iye kan wé èkejì títí yóò fi rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ìtàn bí ó ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Èbìbí, ọdún 1820, ni a bí Florence Nightingale ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìrìn àjò ìgbádùn lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ó gbé wọn dé Ítálì. Orúkọ ìlú tí wọ́n bí i sí ni wọ́n fi sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Parthenope, ẹni tí wọ́n bí ní ìlú Naples ní ọdún 1819, nítorí pé Parthenope ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe ìlú náà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ni, Abíọ́nà ni à bá máa pe àwọn méjèèjì.

Bàbá rẹ̀, William Edward Nightingale, jẹ́ ọlọ́rọ̀ àti onílẹ̀. Ó ní ilé ńlá kan ní Derbyshire, ó sì ní òmíràn ní Hampshire. Ọ̀mọ̀wé ni pẹ̀lú, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ní èdè Látìnì, èdè Gíríìkì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ mìíràn, ní ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti bí a ti ń ta dùùrù. Láti kékeré ni ìṣirò ti wọ Florence lára. Bí ó bá ṣa ìkarawun tàbí tí ó já ewéko, yóò kọ wọ́n sínú ìwé ní ìlà-ìlà, yóò sì to orúkọ àti iye wọn lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí ó tó ọmọ ogún ọdún, ó bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n gba olùkọ́ ìṣirò fún òun. Ìyá rẹ̀ kò rí ìwúlò ìṣirò fún obìnrin tí yóò wọ ilé ọkọ láìpẹ́, ṣùgbọ́n Florence kò jẹ́ kí wọ́n sinmi títí ó fi rí ẹ̀kọ́ náà kọ́.

Ní ọdún 1837, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé Ọlọ́run pe òun sí iṣẹ́ kan. Ó pẹ́ kí ó tó dá a lójú pé ìtọ́jú aláìsàn ni iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó fi ìpinnu rẹ̀ hàn ní ọdún 1845, ilé dàrú. Kí ni ó fa èyí? Ní ayé ìgbà náà, àwọn tálákà nìkan ni ó máa ń lọ sí ọsibítù. Olówó a máa pe dókítà wá sí ilé. Àwọn obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò gba ẹ̀kọ́ kankan, àwọn ènìyàn sì kà wọ́n sí ọ̀mùtí àti aláìníláárí. Bí ọmọ olówó bá lọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìtìjú ńlá ni fún ìdílé. Ìyá rẹ̀ sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bínú, bàbá rẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀.

Florence kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń jí láti ka ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọsibítù àti ti ìjọba lórí ìlera, yóò sì kọ iye tí ó bá rí nínú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò sọ̀kalẹ̀ wá bá àwọn ará ilé jẹun bí ẹni pé kò sí ohun kan. Ọkùnrin gbajúmọ̀ kan, Richard Monckton Milnes, fẹ́ fi í ṣe aya. Ó kọ̀ ní ọdún 1849, bí ó tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ìgbéyàwó yóò dí òun lọ́nà. Ní ọdún 1850 àti 1851, ó lọ sí Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí Pásítọ̀ Theodor Fliedner ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1853, bàbá rẹ̀ ti rọ̀. Ó ń fún un ní 500 pọ́n-ùn lọ́dún, Florence sì di alábòójútó ilé ìtọ́jú kan fún àwọn obìnrin aláìsàn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún yẹn gan-an ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Tọ́kì. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1854, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé gbèjà Tọ́kì. Ogun Crimea ni a ń pè é. Akọ̀ròyìn kan tí ń jẹ́ William Howard Russell ń fi ìròyìn ranṣẹ́ sí ìwé ìròyìn The Times nípa ìyà tí ń jẹ àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ta àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára. Sidney Herbert, minísítà tí ọ̀rọ̀ owó àwọn ọmọ ogun wà ní ọwọ́ rẹ̀, mọ Florence dáadáa. Ó ní kí ó kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1854, Florence gbéra pẹ̀lú nọ́ọ̀sì 38. Ọjọ́ kẹrin oṣù Bélú ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Scutari, ní òdì kejì omi sí ìlú Constantinople tí a ń pè ní Istanbul lónìí.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bárékè àtijọ́ kan ni wọ́n sọ di ọsibítù. Àwọn aláìsàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ ń sùn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Eku ń sáré káàkiri, iná kún inú aṣọ. Kò sí ọṣẹ, kò sí aṣọ ìnura, oúnjẹ kò tó, fèrèsé kò sì ṣí dáadáa. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, onígbáméjì àti oríṣìíríṣìí ibà ń pa ènìyàn bí ẹni ń pa adìẹ. Àwọn dókítà ológun kò kọ́kọ́ fẹ́ rí àwọn obìnrin náà sójú. Florence mú sùúrù títí ọwọ́ iṣẹ́ fi wọ̀ wọ́n lọ́rùn tí wọ́n sì fúnra wọn ké sí i. Ó fi owó tí àwọn ènìyàn dá ra aṣọ, oúnjẹ àti ohun èlò. Ó dá ibi ìfọṣọ àti ibi ìdáná sílẹ̀. Ó gba àwọn òṣìṣẹ́ láti tún àwọn wọ́ọ̀dù tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Ní alẹ́ ni ó máa ń gbé fìtílà kiri láti bojú wo àwọn aláìsàn, ibẹ̀ sì ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti jáde.

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kì í sọ. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, iye àwọn tí ń kú kò dín kù. Ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Láti oṣù Bélú títí di oṣù Èrèlé ọdún 1855, ikú ń ga sí i lóṣooṣù. Ní oṣù Èrèlé yẹn, iye àwọn tí ó kú ní àwọn ọsibítù Scutari tó 427 nínú 1000 aláìsàn. Nọ́ọ̀sì ń bẹ, oúnjẹ ń bẹ, aṣọ mímọ́ ń bẹ, àánú sì ń bẹ. Kí ni ó tún kù? Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni ọ̀rọ̀ wà. Orí àwọn ọ̀nà omi ẹ̀gbin tí ó ti dí ni wọ́n kọ́ ọsibítù náà lé, afẹ́fẹ́ burúkú sì ń ti ibẹ̀ fẹ́ wọ inú wọ́ọ̀dù.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1855 ni ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó tí ìjọba rán dé, Dókítà John Sutherland àti Robert Rawlinson sì wà nínú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n ní kí a kó kẹ̀kẹ́ àti agbọ̀n ìdọ̀tí 556 jáde. Wọ́n ṣí ojú àwọn ọ̀nà omi ẹ̀gbin, wọ́n fi omi fọ̀ wọ́n, wọ́n sin òkú ẹran, wọ́n tún ọ̀nà tí omi mímu ń gbà ṣe, wọ́n kun ògiri ní ẹfun, wọ́n sì ṣe ọ̀nà tí atẹ́gùn yóò fi máa wọlé. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tí yóò fi di oṣù Òkúdù ọdún kan náà, iye àwọn tí ń kú ti já wá sí 22 nínú 1000.

Florence padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Ògún ọdún 1856. Gbogbo ìlú ń dúró láti fi ìlù àti ijó pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ́ wọ ilé bàbá rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ara rẹ̀ kò le, nítorí ibà líle kan ti dá a gúnlẹ̀ ní Crimea ní ọdún 1855. Ju ti ara lọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nǹkan bí 21,000 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó kú nínú ogun náà, nǹkan bí 16,000 nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé àìsàn ni ó pa wọ́n. Ó fẹ́ mọ ohun tí ó fà á. Ó tún fẹ́ kí ìjọba mọ̀ ọ́n, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́.

Níbí ni ìmọ̀ ìṣirò tí ó fi ẹkún gbà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ ti wúlò. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé ni pé àkọsílẹ̀ Scutari kò dọ́gba. Oríṣìí ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń kọ iye àwọn òkú, kò sì sí ọ̀kan tí ó bá èkejì mu. Orúkọ tí dókítà kan ń pe àìsàn kan kọ́ ni dókítà kejì ń pè é. Bí a kò bá mọ iye tí ó kú, tí a kò sì mọ ohun tí ó pa wọ́n, báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí a ó tún ṣe? Ó ké sí William Farr, àgbà onímọ̀ ìṣirò ní ọ́fíìsì tí ń forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àwọn méjèèjì jókòó ti ìwé fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì pín ikú àwọn ọmọ ogun sí ọ̀nà mẹ́ta: ikú tí ọgbẹ́ ogun fà, ikú tí àwọn àrùn tí a lè dènà fà, àti ikú tí ohun mìíràn fà.

Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1855 nìkan, ọmọ ogun 3,168 ni ó kú. Ọgbẹ́ ogun pa 83 péré. Ohun mìíràn pa 324. Àrùn tí a lè dènà pa 2,761. Ọta ìbọn àwọn ará Rọ́ṣíà kọ́ ni ọ̀tá tí ó burú jù, ìdọ̀tí ni. Àwọn nọ́ńbà náà sì fi ohun kan hàn tí ó dun Florence gan-an. Nígbà tí ó wà ní Scutari, èrò rẹ̀ ni pé ebi, òtútù àti àárẹ̀ ni ó pa àwọn ọmọ ogun, pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kí wọ́n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ òun. Nísinsìnyí, ìṣirò ń sọ fún un pé ilé tí wọ́n gbé wọn wá fún ìwòsàn wà lára ohun tí ó pa wọ́n. Ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú wọn ni.

Ẹlòmíràn ì bá bo irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti kàn ká ilé ayé, kò sì sí ẹni tí ó fura sí i. Ṣùgbọ́n Florence kò fi iye kankan pamọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí ó lé ní 800 ojú ewé, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1858 láti fi ṣọwọ́ sí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Ọbabìnrin Victoria gbà kí wọ́n yàn ní ọdún 1857 pẹ̀lú, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ jù.

Ó tún ṣe ohun kan tí gbogbo olùṣèwádìí gbọ́dọ̀ kọ́: ó wá ohun tí yóò fi wé ohun tí ó rí. Ó béèrè pé, bí a bá yọ ogun kúrò, ǹjẹ́ àwọn ọmọ ogun ń pẹ́ láyé bí àwọn ọkùnrin yòókù? Ó rí i pé ní àkókò àlàáfíà, nínú bárékè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, láti 17 sí 20 ọmọ ogun nínú 1000 ni ń kú lọ́dọọdún, nígbà tí ó jẹ́ pé 11 nínú 1000 ni ń kú nínú àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe ológun. Bẹ́ẹ̀, dókítà a máa yẹ ara ọmọ ogun wò kí wọ́n tó gbà á. Àwọn ni ó yẹ kí wọ́n le jù. Ìfiwéra yìí fi hàn pé bárékè tí ó há, tí ó sì dọ̀tí, ni ó ń pa wọ́n.

Florence mọ̀ pé àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ ka ìlà nọ́ńbà gígùn. Nítorí náà, ó sọ nọ́ńbà di àwòrán. Ó ya òbìrìkìtì kan, ó pín in sí ọ̀nà méjìlá fún oṣù méjìlá. Àwọ̀ aró dúró fún àrùn tí a lè dènà, àwọ̀ pupa dúró fún ọgbẹ́, àwọ̀ dúdú sì dúró fún ohun mìíràn. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà fìrí, yóò rí i pé àwọ̀ aró bo àwọ̀ pupa mọ́lẹ̀ pátápátá. Nínú èyí tí ó kọ́kọ́ yà, gígùn ìlà láti àárín ni ó fi dúró fún iye. Lẹ́yìn náà ni ó rí i pé èyí lè tan ojú jẹ, nítorí pé bí gígùn bá di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ ibi tí a kùn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ó ṣe àtúnṣe rẹ̀, ó sì jẹ́ kí fífẹ̀ ibi tí a kùn dúró fún iye gan-an. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Lọ́ńdọ̀nù yàn án sí àárín wọn ní ọdún 1858. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn.

Iṣẹ́ náà so èso. Wọ́n tún àwọn bárékè ṣe, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ológun sílẹ̀ ní ọdún 1860, wọ́n sì fìdí ètò múlẹ̀ tí a ó fi máa ṣe àkọsílẹ̀ àìsàn àti ikú àwọn ọmọ ogun. Florence kò dúró níbẹ̀. Owó tí àwọn ará ìlú dá láti yẹ́ ẹ sí ni wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860. Ní ọdún kan náà, ó gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, kí gbogbo ọsibítù lè máa fi orúkọ kan náà pe àìsàn kan náà, kí wọ́n sì máa kọ iye àwọn tí ó wọlé, àwọn tí ó sàn, àwọn tí ó kú àti ọjọ́ tí wọ́n lò. Ìpàdé gbà á wọlé. Àwọn ọsibítù kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà ti díjú jù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì.

Ìṣirò a máa le nígbà mìíràn fún ẹni tí ń ṣe é. Ní ọdún 1863, nínú ìwé rẹ̀ lórí ọsibítù, Florence lo iye kan tí Farr ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú ọsibítù 24 ní Lọ́ńdọ̀nù, aláìsàn 4,214 ni wọ́n bá lórí ibùsùn ní ọjọ́ kan ní ọdún 1861, àwọn 3,828 ni ó sì kú níbẹ̀ láàárín ọdún náà. Wọ́n pín èkejì pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, wọ́n sì rí i pé ó lé ní 90 nínú 100. Àwọn dókítà fárígá. Wọ́n ní kò tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọsibítù kan bá ní ibùsùn 10, tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì ń lo oṣù kan, ènìyàn 120 ni yóò gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún. Bí 9 bá kú nínú wọn, 9 nínú 120 ni ewu tí ó wà fún aláìsàn, èyí kò tó 8 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 9 sí orí ibùsùn 10, yóò di 90 nínú 100. Iye òkú kan náà ni. Ohun tí a fi pín in ni ó yàtọ̀. Àwọn dókítà náà rí ọ̀rọ̀ sọ. Láti inú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti kọ́ láti máa béèrè, nígbàkigbà tí wọ́n bá gbọ́ iye kan, pé nínú mélòó ni?

Èyí tí ó fi ọkàn Florence hàn jù ni ti ilé ìgbẹ̀bí. Owó tí a dá fún un ni wọ́n fi ṣí wọ́ọ̀dù kan ní ọsibítù King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn agbẹ̀bí yóò ti máa kọ́ iṣẹ́. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́fà, obìnrin 780 ni ó bímọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn ìyá tí ó kú, ó lé ní 30 nínú 1000, ibà abiyamọ sì ni ó pa ọ̀pọ̀ wọn. Ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń bímọ nínú ilé ara wọn, nǹkan bí 5 nínú 1000 ni ń kú. Wọ́ọ̀dù tí ó dára lójú, tí a fi owó kọ́, tí àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, ni ó léwu ju ilé tálákà lọ. Wọ́n ti wọ́ọ̀dù náà pa ní ọdún 1867. Florence kó iye jọ láti àwọn ilé ìgbẹ̀bí ní onírúurú ilẹ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1871, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ó ṣiṣẹ́ bákan náà fún ilẹ̀ Íńdíà, bí kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ó fi fọ́ọ̀mù ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo àgọ́ ọmọ ogun, ó sì ka èsì wọn lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé 69 ọmọ ogun nínú 1000 ni ń kú níbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n tún omi ṣe, wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá, wọ́n dín bí àwọn ènìyàn ṣe ń há mọ́ra kù. Ní ọdún 1873, ó sọ ọ́ di mímọ̀ pé iye náà ti já sí 18 nínú 1000.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó yọrí sí rere. Ó fẹ́ kí ìjọba béèrè iye aláìsàn tí ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan àti irú ilé tí wọ́n ń gbé nígbà ìkànìyàn ọdún 1861, ìjọba kọ̀. Ní ọdún 1891, ó gbìyànjú pẹ̀lú Francis Galton kí Yunifásítì Oxford lè ní olùkọ́ àgbà tí yóò máa kọ́ni bí a ti ń lo ìṣirò fún ọ̀ràn ìlú; kò ṣeé ṣe. Ó tún pẹ́ kí ó tó gbà pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń fa àrùn, nítorí èrò àwọn ará ìgbà rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ burúkú ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ka iye, tí ó sì fi wéra, ó mọ ohun tí ó ń dín ikú kù kí ó tó mọ ìdí rẹ̀.

Ọba Edward Keje fún un ní oyè Order of Merit ní ọdún 1907. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ògún, ọdún 1910, ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fẹ́ sin ín sí Westminster Abbey níbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba àti àwọn olókìkí sí, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀. Abúlé East Wellow ní Hampshire ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti ìgbà tí a bí i àti ìgbà tí ó kú nìkan ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ sí ojú ibojì náà. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Olóyè Kofoworola Abẹni Pratt, ọmọ Èkó, lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi owó Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní St Thomas'. Nígbà tí ó padà wálé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di mátírọ́ọ̀nù ọsibítù ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1973, ó gba àmì ẹ̀yẹ tí a fi orúkọ Florence Nightingale pè.

Kí ni ìgbésí ayé yìí kọ́ wa? Àwọn àgbà wa a máa sọ pé àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Florence Nightingale fi hàn pé ọ̀pọ̀ ikú wà tí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, tí ó jẹ́ pé ọ̀nà omi tí ó dí, ọwọ́ tí a kò fọ̀ tàbí fèrèsé tí a kò ṣí ni ó fà á. Ó fi hàn pé àánú nìkan kò tó láti fi tọ́jú aláìsàn. A gbọ́dọ̀ tún mọ̀ bóyá ìtọ́jú tí a ń fún wọn ń ṣe wọ́n lóore. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ń wá òtítọ́ kò gbọ́dọ̀ fi iye tí ó bá tako òun pamọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fi òótọ́ kọ ooru ara, ìmí àti oògùn aláìsàn sí ìwé lálẹ́ òní, bí oorun tilẹ̀ ń kùn ún, ń gba ẹ̀mí ẹni tí kò tíì wọ ọsibítù là.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́

(i) Ṣàkíyèsí pé òǹkọ̀wé to ọdún lẹ́sẹẹsẹ, láti ìbí dé ikú. Má ṣe fo síwá fo sẹ́yìn nínú ìtàn ìgbésí ayé.
(ii) Má ṣe yin ẹni tí o ń kọ ìtàn rẹ̀ nìkan. Sọ ibi tí ó kù sí pẹ̀lú. Èyí ni yóò mú kí ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò gbà ọ́ gbọ́.
(iii) Bí o bá lo nọ́ńbà, sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Iye tí kò ní àlàyé kò wúlò nínú àròkọ.
(iv) Òwe mẹ́ta péré ni ó wà nínú àròkọ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bá ibi tí a lò ó mu. Má ṣe to òwe jọ bí ẹni to igi ìdáná.